Pùròfẹ́sọ̀: kí gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ń sọ?

Èkìtì kete, mo kí gbogbo yín o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ wa sọ l'Adó-Èkìtì ni mo kọ síbí, torí àwọn tí ò ráyè wá ń bèèrè ẹ̀ ṣáá.

Gbogbo ayé ló mọ̀ wá mọ́ pùròfẹ́sọ̀. Téèyàn bá ti lóun wá láti Èkìtì, wọ́n á ní mélòó ló wà nílé yín. Wọn ò parọ́ náà, ilẹ̀ tó bí Ade Ajayi onímọ̀ ìtàn n'Ìkọ̀lé, tó bí Sam Aluko onímọ̀ ọrọ̀ ajé l'Óde, tó tún bí Niyi Osundare akéwì n'Ìkẹ́rẹ́, ó yẹ kó lè fọ́nnu. Ṣùgbọ́n ẹ bi ìyá kan l'Ọjà Ọba pé kí ni pùròfẹ́sọ̀, wọ́n á ní ẹni tó kàwé kàwé tó kàwé tán ni. Àwọn ọmọ yunifásítì náà ò sọ nǹkan míì, ìyẹn ló jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ yìí.

Láti inú èdè Látìn ló ti wá. Profiteri ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé kéèyàn jáde síwájú gbogbo èèyàn kó là á mọ́lẹ̀ pé èyí ni mo mọ̀, èyí ni mo gbà gbọ́. Gbòǹgbò kan náà ni confess, téèyàn fi ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ti wá. Profession náà, kó tó di orúkọ iṣẹ́, ẹ̀jẹ́ táwọn tó ń wọ ilé àwọn mọ́ńkì àti sístà ń jẹ́ níwájú ìjọ ni. Kó tó di 1400 ni professor ti wọnú Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí orúkọ olùkọ́, nígbà tó sì di 1540, Ọba Henry Kẹjọ dá ipò pùròfẹ́sọ̀ ọba sílẹ̀ ní Cambridge.

Ṣé ẹ wá rí i, ẹnu ni ọ̀rọ̀ yẹn fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìwé kíkà nìkan. Ìdí nìyẹn tí inaugural lecture fi ṣe pàtàkì sí mi gan-an, ọjọ́ tí pùròfẹ́sọ̀ máa wọ aṣọ oyè ẹ̀, tí ará ilé àti ará ìlú á jókòó, tó máa sọ ohun tó ti fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn wá kiri, kí gbogbo wa gbọ́. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan fẹ̀yìn tì láìṣe é rárá. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá rí ìwé ìpè ẹ̀, ẹ lọ o, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

PhD yàtọ̀ o. Oyè ìwé nìyẹn, èèyàn lè gbà á kó má ṣiṣẹ́ yunifásítì láéláé. Pùròfẹ́sọ̀ ní tiẹ̀, ipò iṣẹ́ ni, lọ́dọ̀ wa èèyàn á gba Lecturer Kejì, Lecturer Kìíní, Senior Lecturer, Reader, kó tó kàn án. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bí assistant professor náà, pùròfẹ́sọ̀ làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Ní Faransé sì rèé, tíṣà girama lásán, professeur ni.

Ti Professor Peller onídán ńkọ́? Wọ́n bi mí. Àwọn onídán àtàwọn tó ń fi ọmọlangidi ṣeré nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń jẹ́ professor tipẹ́ kí wọ́n tó bí Peller, àwọn tó ń ṣe Punch and Judy, eré ọmọlangidi wọn kan, ṣì ń jẹ́ ẹ dòní. Kò jí orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹni tó dúró ní gbangba tó ní ẹ wá wo ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe, orúkọ yẹn kúkú bá a mu.

Tẹ́ ẹ bá ń kọ professor ní Gẹ̀ẹ́sì, f kan, s méjì lẹ máa kọ, torí pro parí kí fess tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí f méjì lórí bánà pọ̀ jù.

Emeritus tí wọ́n ń fi kún orúkọ pùròfẹ́sọ̀ wá ńkọ́? Ọmọ ogun Róòmù tó ti sìn tán ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ látijọ́. Kì í ṣe gbogbo pùròfẹ́sọ̀ tó fẹ̀yìn tì ló ń jẹ́ ẹ, yunifásítì tó sìn ló ń fún un tó bá wù wọ́n. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń kọ orúkọ wọn sórí ìwé ìpè, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá yunifásítì ti fún wọn.