Pẹ́ńsù Tó Dákẹ́ Lójijì

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olùgbọ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ síbi iṣẹ́, ọ̀nà á là o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ bíi tèmi, ẹ bọ́ bàtà, ẹ fẹ̀yìn tì. Èmi nìkan ni mo wà lónìí, nínú kíṣìnnì mi ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ariwo lẹ́yìn ohùn mi, òjò ni.

Ìwé kan ló ń dà mí láàmú. Ice Station ni wọ́n pè é. Matthew Reilly, ọmọ ìlú Sydney ní Ọsirélíà, ló kọ ọ́, ọdún 1998 ló sì jáde. 50p ni mo rà á, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù láti fi ṣe iṣẹ́ àánú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ká kò, ojú ìwé rẹ̀ ti pọ́n bí ẹ̀bà tí epo ta sí. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí i, mo rí i pé ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù bá òǹkọ̀wé jà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé. Ọwọ́ onítọ̀hún mọ́, lẹ́tà rẹ̀ rí wẹ́wẹ́ bí irúgbìn ẹ̀fọ́. Níbì kan, ó fa ìlà sábẹ́ iye mítà tí òǹkọ̀wé sọ, ó wá ṣe ìṣirò tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi àmì ìbéèrè méjì sí i. Níbòmíràn, ọ̀rọ̀ kan péré ló kọ: rárá.

Bó ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn, títí ó fi dé ibi tí àwọn àbùùbùtán ti yọ sókè nínú omi. Ó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan níbẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ méjì, kò parí rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé ẹ̀yìn ìwé, pẹ́ńsù dákẹ́. Ṣé ìwé sú u ló ṣe pa á dé ni? Àbí ìwé ló gbé e lọ tí ò fi ráyè mú pẹ́ńsù mọ́? Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń bi ara mi.

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn náà díẹ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì kà á. Mi ò ní tú àṣírí ìparí rẹ̀. Àwọn Amẹ́ríkà ní ibùdó ìwádìí kan ní Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìsàlẹ̀ ayé, wọ́n pè é ní Wilkes. Wọ́n gbẹ́ ẹ wọ inú yìnyín bí ẹní gbẹ́ kànga, àjà márùn-ún lórí ara wọn, adágún omi òkun wá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí ohun kan nínú ihò abẹ́ yìnyín, ohun tó jọ ọkọ̀ òfuurufú, níbi tí irú rẹ̀ ò yẹ kó wà. Àwọn tó lọ wò ó ò padà wá. Ni wọ́n bá rán àwọn sójà Marine lọ, ọ̀gá wọn ń jẹ́ Shane Schofield, Scarecrow ni ìnagijẹ rẹ̀. Àwọn Faransé ti dé ibẹ̀ bí ẹni wá ṣèrànwọ́, àṣé jagunjagun wà nínú wọn. Bí Schofield ṣe ń mí kanlẹ̀ lẹ́yìn ìjà Faransé, SAS, àwọn sójà àkànṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún dé. Àwọn ọ̀dàlẹ̀ tún wà láàárín àwọn Marine fúnra wọn. Ọkọ̀ hovercraft, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbé lékè ilẹ̀, ń lé ara wọn lórí yìnyín, àbùùbùtán ń ja ènìyàn gbà nínú adágún, Schofield ń yin irin mágínẹ́ẹ̀tì olókùn, ó ń fi í fò láti àjà kan bọ́ sí òmíràn. Àmì ìyanu wà ní ìparí gbólóhùn lọ́tùn-ún lósì. Àwòrán ibùdó wà níwájú ìwé kó o má baà ṣìnà.

Àwa mẹ́fà la máa ń pàdé ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù láti sọ̀rọ̀ ìwé. Èdè yòówù kí wọ́n fi kọ ìwé, Yorùbá la fi ń jà lé e lórí. Èmi ni mo dábàá èyí, ọjọ́ náà sì gbóná.

Màmá kan wà láàárín wa tó kọ́ ọmọ ní lítíréṣọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ní Ìjẹ̀bú Òde kó tó wá bá àwọn ọmọ rẹ̀ níbí. Àwọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé ìwé náà kalẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n yọ awò ojú wọn. "Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí ènìyàn nínú ìwé yìí. Orúkọ ló wà níbẹ̀. Orúkọ ń sáré, orúkọ ń yìnbọn, orúkọ ń kú."

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń wa tírélà dá wọn lóhùn tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. "Mọ́mì, ẹ má bínú sí mi o. Láti ìgbà tí mo ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, èyí nìwé àkọ́kọ́ tí mo kà tán. Mo pa mọ́tò síbi ìsinmi lẹ́bàá ọ̀nà, mo ní ojú ìwé mẹ́wàá ni n ó kà kí n tó sùn. Ojúmọ́ mọ́ bá mi nídìí stíárìn."

Bùrọ̀dá kan tó jẹ́ ẹnjiníà wá ní tòun. Ó ní kò sí egungun apá ènìyàn tó lè gba irú fífà tí okùn yẹn ń fà á láì já. Ó ní ẹni tó bá já láti ibi gíga tó báyẹn, omi náà á gbá a bí kọnkéré. Màmá ń mi orí, ọlọ́kọ̀ tírélà ń mi ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó yí ẹnì kejì lọ́kàn padà.

Mo padà sílé, mo ṣe ìwádìí, nítorí ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ mí lára. Òótọ́ ló pọ̀ nínú ẹ̀sùn tí wọ́n ka sí ìwé náà lọ́rùn. Ẹ wo àwọn àbùùbùtán dúdú-òun-funfun yẹn, tí wọ́n ń pè ní orca: kò tíì sí àkọsílẹ̀ pé wọ́n pa ènìyàn kan rí nínú òkun gbalasa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí wọ́n há mọ́ inú adágún ìran wíwò ti pa olùtọ́jú wọn rí. Ẹ wo Antarctica fúnra rẹ̀: ọdún 1959 ni orílẹ̀-èdè méjìlá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé àlàáfíà nìkan ni àwọn yóò máa bá lọ síbẹ̀, Amẹ́ríkà, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára àwọn méjìlá náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kan náà ni Reilly kó síbẹ̀ láti máa pa ara wọn. Wilkes gidi sì wà rí. Àwọn Amẹ́ríkà kọ́ ọ ní 1957, wọ́n fà á lé Ọsirélíà lọ́wọ́ ní 1959, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní 1969 nítorí yìnyín ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí mo ṣe kà á pé yìnyín gbé ilé náà mì, mo ní inú mi ì bá dùn ká ní Reilly kọ ìyẹn: ilé tí a kò gbógun tì, tí òtútù kàn rọra gbà lọ́wọ́ onílé.

Ṣùgbọ́n mi ò rò pé àsọdùn ló ń bí àwọn òǹkàwé nínú. Ọmọ Yorùbá ni wá, àsọdùn ò jẹ́ tuntun sí wa. Nígbà tí Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde ní 1938, ó ní Àgbákò ní ojú mẹ́rìndínlógún, Àkàrà-ògùn sì bá a wọ ìjàkadì. Kò sí ọmọ iléèwé tó na ọwọ́ sókè pé báwo ni ojú mẹ́rìndínlógún ṣe gba orí kan. Bí a ṣe gbọ́ igbó irúnmọlẹ̀ báyìí, a ti fi ìṣirò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé Reilly kì í jẹ́ kéèyàn fi ìṣirò sílẹ̀. Ó sọ orúkọ ìbọn, ó sọ iye mítà, ó ya àwòrán àjà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbé òṣùwọ̀n dání wá sọ́jà, òṣùwọ̀n yẹn la ó fi bá a dúnàá dúrà. Reilly fúnra rẹ̀ ló fún ẹni tó kọ̀wé sínú ìwé mi ní pẹ́ńsù.

Mo bọ̀wọ̀ fún Reilly o. Gbogbo ilé ìtẹ̀wé ńlá ní Sydney ló kọ̀ láti tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó fi owó ara rẹ̀ tẹ ẹ̀dà 1,000 ní 1996, ó ń gbé e kiri ilé ìtàwé. Níbẹ̀ ni olóòtú kan láti ilé ìtẹ̀wé Pan Macmillan ti rí i lórí pẹpẹ, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà Ice Station ti là. Ọmọ tí wọ́n ní kò mọ̀ ọ́n kọ, tó kó ìwé rẹ̀ lábíyá bí ẹní kiri búrẹ́dì: irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé òǹkàwé lè fi òun sílẹ̀ nígbàkígbà. Mo rò pé ìyẹn ló jẹ́ kó máa sáré tó báyẹn.

Ohun tó dun èmi ni ikú inú ìwé náà. A ó fún sójà kan lórúkọ, a ó fún un ní ìnagijẹ, a ó jẹ́ kó ṣàwàdà lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó bá di ojú ìwé kejì, ààbọ̀ gbólóhùn ló gbà láti pa á. Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú arúgbó. Bí ẹnì kan bá kú lóru lọ́wọ́ wa, a máa ń ṣí fèrèsé, a máa ń nu ojú rẹ̀, a máa ń pe orúkọ rẹ̀ ká tó fi aṣọ bò ó. Ìyẹn ni mo gbé lọ́kàn tí mo fi ń kà á, ó sì ń gún mi.

Mo wá ṣe ohun kan tẹ́rùtẹ́rù. Mo fi ìwé náà rán ẹni tó ń lọ sílé sí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Òṣogbo. Bùrọ̀dá mi ṣe sójà. Wọ́n wà lára àwọn tí Nàìjíríà kó lọ sí Làìbéríà lábẹ́ ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kó jọ. Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà, ni wọ́n wà ní oṣù kẹwàá ọdún 1992, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀, ya lu ìlú náà. Nílé wa, a kì í bi wọ́n léèrè. Mo ń bẹ̀rù pé wọ́n á sọ pé eré ọmọdé ni mo fi ìrora àwọn ṣe.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n pè mí lórí WhatsApp.

"Àbúrò, ta ló kọ̀wé sínú ìwé yìí?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n sà, bí mo ṣe rà á nìyẹn."

"Ẹni yẹn ò ṣe sójà rí. Mítà ló ń kà."

Mo wá bi wọ́n pé ṣé irọ́ inú ìwé yẹn ò bí wọn nínú. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò lẹ́yìn wọn.

"Irọ́ kan ló wà ńbẹ̀: pé gbogbo ìgbà ni nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Tiwa, ìdúró ló pọ̀. A lè dúró sójú kan fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹ̀fọn nìkan la ń bá jà. Ọjọ́ kẹwàá, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ló jọ ìwé yìí. Èèyàn á ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, o ò ní wò ó. Ẹ̀yìn bàtà ẹni tó wà níwájú ẹ lò ń wò, o ń sá tẹ̀ lé e."

Mo ní, "Bùrọ̀dá mi, ààbọ̀ gbólóhùn ni wọ́n fún àwọn tó kú."

"Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ààbọ̀ tó kù, ilé lèèyàn ti ń kà á."

Mi ò mọ ohun tí n ó sọ. Mo ṣì rò pé Màmá wa Ìjẹ̀bú jàre: ìwé náà kò délé rí, kò ka ààbọ̀ kejì yẹn fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo ti ń bá a jà nítorí ohun tí Bùrọ̀dá mi ti rí lójú ara wọn.

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti kà á tán. Wọ́n ní rárá, àwọn dúró síbì kan. Obìnrin sójà kan wà nínú ìtàn náà tí wọ́n ń pè ní Mother. Àbùùbùtán ti gé e lẹ́sẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù fẹ́ sá kúrò ní ibùdó, kò ṣeé gbé, Schofield bá fi í pamọ́ sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni Bùrọ̀dá mi ti pa ìwé dé. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí ìwé náà ti wà lórí fìríìjì.

Ohùn wọn rẹlẹ̀. "Obìnrin tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn, ṣé ó yè é?"

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, mo ti ṣèlérí pé mi ò ní tú àṣírí, ẹ forí jì mí. Mo sọ fún wọn. Mo ní, "Ó yè é, sà. Ó ṣì wà nínú àwọn ìwé tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ló fi ń rìn."

Wọ́n ní, "Ó dáa." Mo gbọ́ tí wọ́n fa àga, mo gbọ́ tí ìlẹ̀kùn fìríìjì mì. "Jẹ́ n lọ kà á tán nígbà náà."