Bọ́tìnnì inú dáńfó: ẹ jẹ́ ká wo acceleration

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ wo ọwọ́ mi: bọ́tìnnì kan rèé, òwú tí mo fi so ó kò ju 20 cm lọ. Mo ti so ó kọ́ irin òrùlé dáńfó yìí. Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí la wà, Adéníji là ń lọ. Kọ̀ńdọ́ ń wò mí bí ẹni tórí ẹ̀ dàrú, ẹ má dá a lóhùn.

Ọkọ̀ ò tíì gbéra. Bọ́tìnnì dúró gbọnrangandan. Ó yá, dẹ́rẹ́bà tẹná. Ẹ wò ó! Ó fì sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó tì í o. Ọkọ̀ ló fẹ́ sá fi í sílẹ̀.

Bí velocity, ìyẹn eré pẹ̀lú ibi tá a kọjú sí, ṣe ń yára yí padà sí là ń pè ní acceleration. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ọkọ̀ yìí. Aago eré ọkọ̀ yìí ti kú tipẹ́, fóònù ni mo fi ń wò ó. Láti òdo, ó dé 36 km/h láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5. Ẹ má tíì fi 36 yẹn ṣírò o, ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń sọ máàkì nù. Mítà 36,000 ni. Wákàtí kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 3,600. Ẹ pín in, ó di 10 m/s. Ẹ yọ velocity ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn 0, nínú 10, kẹ́ ẹ wá fi 5 pín in: 2 m/s². Ìyẹn ni pé, bí ìṣẹ́jú àáyá kan bá ti ń kọjá, ọkọ̀ ń fi 2 m/s kún eré ẹ̀.

A ti bọ́ sórí afárá báyìí, 72 km/h la wà, afẹ́fẹ́ fẹ́ẹ̀ gba fìlà mi. Bọ́tìnnì ńkọ́? Gbọnrangandan, bí ìgbà tá a páàkì! Eré pọ̀, àmọ́ kò yí padà, ojú ọ̀nà náà sì gún. Acceleration òdo nìyẹn.

Yéè! Bíréèkì! Bọ́tìnnì fì síwájú, èmi náà fẹ́ẹ̀ forí sọ àga. 20 m/s di 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. 10 yọ 20, ẹ fi 2 pín in: −5 m/s². Àmì ìyọkúrò yẹn ń sọ pé acceleration kọ ẹ̀yìn sí ibi tá a ń lọ.

Èyí tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ló kù. À ń yí kọ́nà sọ̀kalẹ̀ sí Adéníji. Fóònù ní 36, 36, 36, kò yẹ̀. Síbẹ̀ bọ́tìnnì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́! Velocity kì í ṣe eré nìkan, ibi tá a kọjú sí wà nínú ẹ̀. A ti yíjú, velocity ti yí padà, acceleration wà níbẹ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ yín: ọkọ̀ ń sá 54 km/h, ó dúró pátápátá lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 3. Èló ni acceleration ẹ̀? Ẹ má gbàgbé àmì. Ó wà o, kọ̀ńdọ́, mo ń bọ́!