Bí A Ṣe Ń Yan Backplate àti Wing fún Ìmòòkùn Nínú Omi Lílọ́wọ́ọ́wọ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òmòòkùn. Ẹ wo orí tábìlì mi. Irin pẹlẹbẹ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan wúwo, ìkejì fúyẹ́. Irú èyí là ń pè ní backplate, òun ló ń wà lẹ́yìn wa tí sílíńdà, ìgò afẹ́fẹ́ tí à ń mí lábẹ́ omi, fi ń rí ibi dúró. Àpò afẹ́fẹ́ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn yìí ni wing. Àárín backplate àti sílíńdà ni wing ń gbé. A ó fọn afẹ́fẹ́ sí i nígbà tí a bá fẹ́ léfòó, a ó tú u jáde nígbà tí a bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Wing kékeré yìí ni mo fẹ́ kí ẹ rà. Gbàǹgbà yẹn, mo gbé e síbẹ̀ kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ò nílò ni.

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, wing ló sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè, á ní kí wọ́n fún òun ní èyí tó lágbára jù. Ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Òjé tí a ń so mọ́ra kí a lè rì ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Kílò òjé mélòó ni ẹ nílò kí ẹ tó lè dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ omi? Ìdáhùn yẹn ló máa yan backplate fún yín, backplate àti aṣọ yín á wá yan wing.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn òjé yín.

Ohun èlò tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀, tàbí èyí tí ẹ yá, ti tó fún èyí. Aṣọ tí ẹ máa fi mòòkùn gan-an ni kí ẹ wọ̀. Nínú omi tó wà láàárín 26 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ̀pọ̀ wa kì í wọ̀ ju aṣọ rọ́bà oní-mílímítà 3 lọ. Àwọn mìíràn ò wọ̀ ju ṣòkòtò ìwẹ̀ àti ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Nígbà tí ẹ bá mòòkùn tán, tí ó ku nǹkan bíi 50 bar nínú sílíńdà (bar ni a fi ń wọn ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀), ẹ dúró lóòró níbi tí omi ò ti jìn, ẹ tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú wing jáde, ẹ máa mí bí ẹ ṣe ń mí, ẹ má ta ẹsẹ̀. Bí omi bá dúró sí ọ̀gangan ojú yín, òjé yín pé. Bí ẹ bá ń lọ sísàlẹ̀ tààrà, ó ti pọ̀ jù. Bí èjìká yín bá yọ síta, ẹ fi kún un.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìgbẹ̀yìn la ń wọ̀n ọ́n? Afẹ́fẹ́ ní ìwúwo ni. Sílíńdà alumíníọ̀mù tí ó wọ́pọ̀ jù lórí ọkọ̀ òmòòkùn, oní-lítà 11.1, tí wọ́n ń fún ní 207 bar, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ nìkan tó kílò 2.7. Nígbà tó bá kún, ó ń rì díẹ̀. Nígbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, ó ti di ohun tó ń fó, á sì máa fà yín lọ sókè. Ẹni tó fi sílíńdà kíkún wọn òjé rẹ̀, tí kò sì fi nǹkan kún un, á rí wàhálà rẹ̀ ní mítà 5, níbi tó yẹ kó ti dúró fún ìṣẹ́jú 3 kó tó yọrí: ńṣe ni á máa dorí kodò tí á máa ta ẹsẹ̀ kí òkè má baà gbé e lọ. Bí ó bá jẹ́ sílíńdà kíkún nìkan lẹ ní lọ́wọ́, ẹ wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá fi kílò 2 lé e.

Omi iyọ̀ ń gbéni ju omi tí kò níyọ̀ lọ. Bí ẹ̀yin àti ẹrù yín lápapọ̀ bá tó kílò 100, tó sì jẹ́ inú adágún ìwẹ̀ lẹ ti wọn ara yín, bíi kílò 2.5 lẹ máa fi kún un lọ́jọ́ tí ẹ bá dé òkun.

Ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ rí sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: backplate.

Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi jẹ́ irin tí kì í dípatà, ó nípọn tó mílímítà 3, lórí ilẹ̀ ó wọn nǹkan bíi kílò 2.7. Tó bá wọ omi, ó ku bíi kílò 2.3. Ti ọwọ́ òsì jẹ́ alumíníọ̀mù. Kò tó kílò kan lórí ilẹ̀, nínú omi ó fi díẹ̀ ju ìdajì kílò lọ. Gbogbo ìyàtọ̀ wọn kò ju ìyẹn náà lọ. Kílò 2.3 tí irin yìí ní, òjé tí ẹ ò ní so mọ́ ìbàdí mọ́ ni.

Ẹ wá gbé nọ́ńbà yín wá. Ká ní kílò 4 lẹ nílò pẹ̀lú sílíńdà alumíníọ̀mù àti aṣọ mílímítà 3. Ẹ mú ti irin. Ó ku òjé bíi kílò méjì péré tí ẹ máa wá àyè fún. Ibi tó wà pàápàá dára: orí ẹ̀dọ̀fóró gan-an ló jókòó lé, ẹ̀dọ̀fóró sì ni afẹ́fẹ́ pọ̀ sí jù lára èèyàn. Òjé tó bá wà ní ìbàdí nìkan a máa fa ìdí àti ẹsẹ̀ wálẹ̀, ẹ ó wá máa lúwẹ̀ẹ́ lóròòró bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Irin lẹ́yìn máa ń jẹ́ kí ara nà gbọọrọ.

Ká tún ní ẹ ò sanra, ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ ń wọ̀, sílíńdà irin ni wọ́n sì ń kó fún yín níbi tí ẹ ti ń mòòkùn. Ọ̀pọ̀ sílíńdà irin kì í fó rárá, bó ti wù kó ṣófo tó. Ẹ lè má nílò òjé kankan. Bí ẹ bá wá gbé backplate irin lé irú sílíńdà bẹ́ẹ̀, ẹ ti wúwo jù láti orí ọkọ̀, kò sì sí ohun tí ẹ máa rí yọ kúrò. Alumíníọ̀mù ni tiyín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí yín lérò padà.

Àwọn tó ń wọ bàálù kiri á ní kílò 23 ni wọ́n gbà wá láyè láti gbé, nítorí náà alumíníọ̀mù ni dandan. Mi ò bá wọn jiyàn púpọ̀. Òjé wà nílẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń gbé èèyàn lọ mòòkùn, ẹ lè yá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ta èyí tí wọ́n fi carbon fibre ṣe fún yín lówó gọbọi nítorí pé ó fúyẹ́, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: ìwúwo tí mo fi sílẹ̀ nílé, kí ni màá fi dípò rẹ̀ nínú omi?

Ẹ sún kámẹ́rà mọ́ ibí. Àwọn ihò gbọọrọ tó wà ní etí yìí ni bẹ́líìtì ń gbà kọjá. Ẹ fi àtàǹpàkò yín tọ etí ihò kọ̀ọ̀kan yí ká, tẹ̀yìn tiwájú. Bó bá ha yín lọ́wọ́, á gé bẹ́líìtì yín díẹ̀díẹ̀. Ẹ dá a padà tàbí kí ẹ fi fáìlì ha á kó dán. Ẹ tún bèèrè irú irin tó jẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní 316 gba iyọ̀ òkun mọ́ra ju 304 lọ, nítorí èròjà molybdenum tó wà nínú rẹ̀.

Ihò róbótó méjì tó wà láàárín yìí, tó fi ínǹṣì 11 jìnnà síra, ti sílíńdà méjì ni. Àwọn òmòòkùn inú ihò àpáta ní àríwá Florida ló sọ ohun èlò yìí di ohun tó gbajúmọ̀, sílíńdà méjì ni wọ́n sì ń gbé. Orúkọ ọ̀kan nínú wọn, William Hogarth Main, ló wà lára ọ̀nà tí a ń gbà so bẹ́líìtì yìí títí dòní: Hogarthian. Àwa tó ń gbé sílíńdà kan, ihò gbọọrọ mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn la máa lò. Bí wing yín náà bá ti ní irú ihò bẹ́ẹ̀, ẹ ò nílò irin àgbéléra, èyí tí wọ́n fi ń gbé sílíńdà kan mọ́ backplate, tí wọ́n máa fẹ́ tà mọ́ ọn fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: wing.

Iṣẹ́ méjì ni wing ní. Iṣẹ́ kìíní, bí ẹ bá bọ́ gbogbo ẹrù sínú omi kí ẹ tó gun ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ dá gbé e léfòó láìsí yín nínú rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: backplate irin kílò 2.3, sílíńdà kíkún pẹ̀lú fáàfù rẹ̀ bíi kílò 1.5, regulator (ohun tí a fi ń mí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà) àti àwọn irin wẹ́wẹ́ bíi kílò 1.5. Ó ti lé ní 5. Bí kílò òjé 2 bá tún wà lára rẹ̀, ó ti lé ní 7.

Iṣẹ́ kejì, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó gbọ́dọ̀ dí ohun tí ẹ pàdánù. Aṣọ rọ́bà ní afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ nínú. Ní mítà 20, ìtẹ̀ omi àti afẹ́fẹ́ ti di ìlọ́po mẹ́ta ti òkè, aṣọ náà á rún pọ̀. Èyí tó jẹ́ mílímítà 3 lè pàdánù bíi kílò kan àbọ̀ nínú agbára fífó rẹ̀. Ẹ fi kílò 2.7 ti afẹ́fẹ́ tí ẹ ò tíì mí tán kún un. Kílò 4 ó lé díẹ̀ ni.

Èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì la ń tẹ̀lé, a ò ní rò wọ́n pọ̀. Ó jẹ́ 7, ká fi díẹ̀ lé e. Wing tó lè gbé kílò 10 sí 13 ti tó yín, ó tó, ó ṣẹ́kù. Àwọn tó ń kọ ọ́ ní pound á kọ 20 sí 30 síbẹ̀.

Gbàǹgbà yìí ńkọ́? Kílò 25 ló ń gbé, sílíńdà méjì ni wọ́n rán an fún. Lára sílíńdà kan, ńṣe ló dà bí ẹ̀wù bàbá lọ́rùn ọmọ. Etí rẹ̀ méjèèjì á ká sílíńdà mọ́, afẹ́fẹ́ á sá pamọ́ sínú ìṣẹ́po rẹ̀, ẹ ó fa okùn ìtúfẹ́fẹ́ títí, kò ní jáde tán. Omi á sì tún máa dì í mú bí ẹ ti ń lọ. Mo mọ àwọn tó rà á torí wọ́n ní àbò ni. Àbò wo? Ẹni tí òjé rẹ̀ bá pé kò ní ohun tó fẹ́ fi kílò 25 gbé.

Ní ti bó ṣe rí, èyí tó yípo délẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù: afẹ́fẹ́ lè gba ìsàlẹ̀ kọjá láti apá kan sí èkejì. Èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò so pọ̀, bí ẹ bá dẹ̀gbẹ́, afẹ́fẹ́ lè há sí apá kan. Kò burú, ó kàn ń béèrè ìfarabalẹ̀. Awọ onípele kan fúyẹ́, ó sì ń tètè gbẹ. Onípele méjì, ẹ lè pààrọ̀ àpò inú rẹ̀ bó bá jò. Àwọ̀? Ẹ mú èyí tó wù yín.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fọn ọ́n títí fáàfù ìsàlẹ̀ yóò fi dá tú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ? Fùù. Ó gbọ́dọ̀ ṣí kí ojú rírán tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Tí ẹ bá gbé e délé, ẹ fọn ọ́n sílẹ̀ mọ́jú. Bó bá rọ̀ láàárọ̀, ó ń jò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ tò ó.

Backplate nísàlẹ̀, wing lórí rẹ̀, bẹ́líìtì sílíńdà méjèèjì gba inú ihò àwọn méjèèjì kọjá. Ẹ rẹ bẹ́líìtì sílíńdà yìí sínú omi kí ẹ tó fún un. Tó bá jẹ́ gbígbẹ lẹ fún un, yóò rọ̀ nígbà tó bá tutù, sílíńdà á sì yọ́ wálẹ̀ lẹ́yìn yín.

Bẹ́líìtì ara, ẹyọ kan ṣoṣo ni, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, kò ní ìsopọ̀ kankan lójú èjìká. Ẹ wọ aṣọ ìmòòkùn yín kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Orí backplate gbọ́dọ̀ wà lókè tó fi jẹ́ pé ẹ lè na ọwọ́ sẹ́yìn kí ìka yín kàn án. Àtẹ́lẹwọ́ yín gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ bẹ́líìtì èjìká wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tó bá fún pinpin, ẹ ò ní lè bọ́ ọ lórí omi. Òrùka irin àyà, ibi tí àtàǹpàkò yín bá dé láìfi ojú wá a ni kí ẹ fi í sí. Bẹ́líìtì àárín itan ni kò ní jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ṣí lọ sókè ọrùn. Kí ó kan ara, kó má fún yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún, inú omi tí kò jìn, kí ẹnìkejì yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ẹ fọn wing lójú omi. Bí ẹ bá fọn ọ́n kún jù, á máa tì yín síwájú, ojú yín á fẹ́ wọ omi. Ẹ tú díẹ̀ jáde, kí ẹ fi ẹ̀yìn tì í.

Lẹ́yìn náà ni èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Sílíńdà kíkún, wing ṣófo pátápátá, ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀ sí mítà bíi 3, kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ nìkan lúwẹ̀ẹ́ padà sókè, kí ẹ máa mí lọ láìdáwọ́ dúró. Ó yẹ kó ṣeé ṣe láìmí hẹlẹhẹlẹ. Bí ó bá ń le, ìwúwo tí ẹ ò lè jù dànù ti pọ̀ jù lára yín. Ẹ mú òjé kúrò lára bẹ́líìtì sílíńdà, ẹ fi í sínú àpò tó ṣeé tú pẹ̀lú ọwọ́ kan, tàbí kí ẹ fi alumíníọ̀mù rọ́pò backplate irin. Kí ẹ tún un gbìyànjú.