Dada Masilo àti Giselle tí kò dárí jì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọmọbìnrin kan tó fi ẹsẹ̀ lásán jó ballet káàkiri ayé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Dada Masilo lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ló jáde láyé ní Johannesburg, lẹ́yìn àìsàn tí kò pẹ́ rárá. Ẹni ọdún 39 péré ni. Títí di òní, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Soweto, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Johannesburg, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1985, nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì wà lórí àléfà ní Gúúsù Áfíríkà. Ijó òyìnbó ni wọ́n ka ballet sí nígbà náà. Ọmọ Soweto kì í dédé bá ara rẹ̀ nídìí ẹ̀. Ẹgbẹ́ oníjó àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ wà kó tó dé Dance Factory, ilé-ẹ̀kọ́ ijó kan ní Johannesburg, níbi tó ti kọ́ ballet pọ̀ mọ́ ijó òde òní. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Brussels ní Belgium, sí ilé-ẹ̀kọ́ ijó P.A.R.T.S. tí Anne Teresa De Keersmaeker, atojó ará Belgium, dá sílẹ̀.

Ó padà sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ijó. Ẹni tó ń to ijó ló ń pinnu ẹni tó máa kọ́kọ́ wọlé, ibi tó máa dúró sí, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa sọ. Romeo and Juliet ló ṣe lọ́dún 2008, Carmen ló tẹ̀ lé e lọ́dún 2009. Nígbà tó fi máa di 2010, Swan Lake dé, ariwo sì ta.

Ẹ rántí pé nínú Swan Lake tó ti Rọ́ṣíà wá, tí Tchaikovsky ṣe orin rẹ̀, àwọn obìnrin ló ń wọ yẹ̀rì funfun líle, tí wọ́n á máa dúró ṣánṣán lórí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ gbóná. Masilo wọ yẹ̀rì náà fún ọkùnrin àti obìnrin. Ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ lu ilẹ̀ gìdìgìdì, wọ́n ń ju ìdí, wọ́n ń kígbe lé orin Tchaikovsky lórí. Òun fúnra rẹ̀ ló jó Odette, ìyàwó tí ẹbí fẹ́ fún Siegfried, ọkùnrin inú ìtàn náà, ní tipátipá, nígbà tó jẹ́ pé ọkùnrin kan ni ọkàn Siegfried wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Níparí, yẹ̀rì funfun ti lọ. Aṣọ dúdú gígùn ni gbogbo wọn wọ̀, wọ́n sì ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún 2021 ó ṣe The Sacrifice, tó gbé ka ijó àwọn Tswana, ẹ̀yà tirẹ̀, pẹ̀lú àwọn onílù àti akọrin lórí ìtàgé. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn náà, àmọ́ Giselle ti 2017 ni kò kúrò lọ́kàn mi.

Paris ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1841. Albrecht, ọmọ ọlọ́lá, parọ́ fún ọmọbìnrin abúlé kan tó ń jẹ́ Giselle, bẹ́ẹ̀ ó ti ní àfẹ́sọ́nà níbòmíràn. Ọmọbìnrin náà ya wèrè, ó kú, ó di ọ̀kan lára àwọn ìwin tí wọ́n ń mú ọkùnrin jó títí ẹ̀mí á fi bọ́. Nínú ti àtijọ́, Giselle dáàbò bo Albrecht títí ilẹ̀ fi mọ́. Gbogbo ènìyàn ní ó dára, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n lọ sílé.

Masilo kò fara mọ́ ọn, èmi náà kò fara mọ́ ọn. Kí ló dé tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ náà ló tún gbọ́dọ̀ gba ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ là? Olorí àwọn ìwin, Myrtha, ló kọ́kọ́ yí padà: Masilo sọ ọ́ di sangoma, oníṣègùn tí àwọn baba ńlá ń bá sọ̀rọ̀. Ọkùnrin ló jó ipa náà, ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ìwin kò wọ funfun mọ́, pupa bí ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n wọ̀, ọkùnrin sì wà láàárín wọn.

Albrecht wá síbẹ̀ láti tọrọ àforíjì. Giselle kò fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló pa á.