Ẹ Jẹ́ Ká Máa Darí Símúléṣọ̀n Nígbà Tó Ṣì Ń Lọ

Ẹ kú ìjókòó o. Ohun tí mo máa ń sọ níbi gbogbo náà ni mo tún wá sọ: ẹni tó bá ń ṣe símúléṣọ̀n, ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé nǹkan, gbọ́dọ̀ máa rí i bó ṣe ń lọ, kó sì lè fọwọ́ kàn án lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ṣì ń to job, ìyẹn iṣẹ́ tá a fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe, sórí ìlà, a ó lọ sùn, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó tó wá máa tú fáìlì, ìgbà yẹn la ó wá rí i pé nọ́ńbà kan ò dáa látìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́. Ta ló ń gbé ọbẹ̀ kaná tí ò ní tọ́ ọ wò títí àlejò á fi dé? Àwọn tó ń gbèjà àṣà yìí, iná mànàmáná lẹ̀ ń fi ṣòfò.

Ẹ wo TeraGyroid, iṣẹ́ símúléṣọ̀n ńlá kan lọ́dún 2003, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n dáadáa. Peter Coveney, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì UCL ní London, àtàwọn ẹgbẹ́ RealityGrid da supercomputer (kọ̀ǹpútà alágbára ńlá) ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà pọ̀, wọ́n sì gbé e síta ní SC2003, ìpàdé àwọn onísupercomputer, ní Phoenix. Wọ́n fẹ́ mọ bí omi, òróró àti nǹkan bí ọṣẹ ṣe ń to ara wọn di gyroid: omi gba ọ̀nà tiẹ̀, òróró gba tiẹ̀, wọ́n lọ́ mọ́ra káàkiri síbẹ̀ wọn ò dà pọ̀. Nínú àpótí kékeré, ìyẹn àyè tí símúléṣọ̀n ń ṣírò, ó máa ń dà bíi pé kò lábùkù rárá, àfi téèyàn bá ṣe ńlá kó tó rí ibi tó ti wọ́. Àpótí wọn jẹ́ 1024 lọ́nà mẹ́ta, ojú ìṣirò tó lé ní bílíọ̀nù kan.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Tí ojú kọ̀ọ̀kan bá ní nọ́ńbà kan péré tó gba báìtì 8, ó ti lé ní gígábáìtì 8, ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn o! Àwòrán tó fẹ̀ ní 1024 sí 1024 ò sì ju bíi mẹ́gábáìtì 3 lọ. Torí náà ẹ̀rọ ńlá ló ń bá wọn ya àwòrán, àwòrán nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wò. LB3D, kóòdù tó ń ṣe símúléṣọ̀n náà, fúnra ẹ̀ á máa dúró díẹ̀ bèèrè bóyá ẹnì kan ránṣẹ́ sí òun. Tí wọ́n bá ní kó yí agbára tí omi fi ń ti òróró padà, á yí i. Tí wọ́n bá ní kó dúró, á tọ́jú ara ẹ̀ sínú checkpoint, ìyẹn fáìlì tó pa ibi tó dé mọ́, wọ́n sì lè gbé ìyẹn lọ sórí ẹ̀rọ míì.

Mo fẹ́ bọ́ sórí SCIRun, ètò kọ̀ǹpútà ti yunifásítì Utah, nígbà tí arábìnrin kan nawọ́ lẹ́yìn: “Prof, tẹ́ ẹ bá ń fọwọ́ kàn án báyẹn, báwo lẹlòmíì ṣe máa ṣe é kó sì rí èsì kan náà?” Ìbéèrè yẹn ló gba àkókò tó kù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo àṣẹ téèyàn bá pa, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbésẹ̀ tó pa á. Checkpoint á wá yọ ẹ̀ka bí igi, ẹnikẹ́ni lè bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀ka tó wù ú. Ẹni tí ò kọ ọ́ sílẹ̀, eré ló ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ Frontier, supercomputer Amẹ́ríkà kan, àti bí dísíìkì ò ṣe lè bá ẹ̀rọ ayé ìsinsìnyí sáré mọ́, ó di ọjọ́ míì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bójú tó cluster, ìyẹn ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tá a so pọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ ya wákàtí díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́sàn-án, kí job má bẹ̀rẹ̀ láago méjì òru nígbà tí ẹni tó ni ín ti sùn.