Ààrò Kẹta: Ọkàn Ẹni Tí Àìsàn Ọlọ́jọ́ Pípẹ́ Ń Bá Fínra

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru nílé ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ti mọ oògùn aláìsàn yín, ẹ sì ti mọ oúnjẹ tí dókítà ní kí ó dín kù, nítorí náà n kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín.

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Mo fẹ́ràn òwe yìí púpọ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìtọ́jú ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru rí. Oògùn ni ààrò kìíní. Oúnjẹ, oorun àti ìrìn ni ìkejì. Ọkàn ni ìkẹta. Ibi tí a ti máa ń ṣì í nìyí: bí ṣúgà bá kọ̀ tí kò wálẹ̀, a ó pààrọ̀ oògùn, a ó lé aláìsàn nídìí ìrẹsì, a ó tún bá a wí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní bi í bí ọkàn rẹ̀ ti rí.

Ní ọyẹ́ ọdún kan, ṣúgà ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kubwa, kò gbọ́ oògùn mọ́. Wọn kì í lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú mọ́, oorun kò kùn wọ́n, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n sì ń mu lóru. A ní agídí ni. Ọjọ́ tí mo tẹ́ ibùsùn wọn ni mo rí páálí oògùn mẹ́ta lábẹ́ ìrọ̀rí, tí wọn kò tíì já rárá. Mo bi wọ́n léèrè, wọ́n wo ògiri, wọ́n ní, "Kí ni mo fẹ́ lò ó fún?"

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn nìyẹn. Ó máa ń bá àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ju àwọn tí kò ní in lọ. Bí ọkàn bá dàrú, ara a máa tú èròjà kan tí à ń pè ní cortisol sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí í mú kí ẹ̀dọ̀ da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà a ga, ìbànújẹ́ a pọ̀ sí i, oògùn a sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ẹ jẹ́ kí n pariwo rẹ̀: ÌRẸ̀WẸ̀SÌ ỌKÀN KÌ Í ṢE Ọ̀LẸ, KÌ Í SÌ Í ṢE WÈRÈ! Ẹ yé fi ìbáwí wò ó!

Ìbéèrè méjì péré ni kí ẹ bi aláìsàn yín, ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ sì dákẹ́ gbọ́ ìdáhùn: láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ǹjẹ́ àwọn ohun tí ẹ máa ń fẹ́ràn láti ṣe ṣì ń wù yín? Ǹjẹ́ inú yín ń bàjẹ́, tàbí ẹ ti ń sọ ìrètí nù? Bí ìdáhùn kò bá dára, ẹ sọ ọ́ fún dókítà ní ọjọ́ tí ẹ bá lọ yẹ ṣúgà wò gan-an, nítorí ìtọ́jú wà fún un, ti ọ̀rọ̀ sísọ àti ti oògùn. Bí ó bá ní ilé ayé ti sú òun, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ní ti ìrìn, 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán. Oòrùn Abuja kò ṣe é bá jà, nítorí náà ẹ jáde ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì bá a rìn, ẹ má kàn rán an.