Ìpẹ́ru kan, ẹgbẹ́ méjì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ, níbikíbi tí ẹ bá ti ń gbọ́ mi, ì báà ṣe London, ì báà ṣe Houston, ì báà ṣe Toronto. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. Ọ̀rọ̀ òní wúwo lọ́kàn mi. Ọ̀rọ̀ ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú ni, ìjà tó ti wọ ìpàdé ọmọ ìlú, tó wọ WhatsApp ẹbí, tó sì ti sọ àwọn tó jọ jẹ ìkọ́kọrẹ́ nínú abọ́ kan di ẹni tí kì í kí ara wọn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti orí iye ìbò bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà ìdìbò ààrẹ, APC ní ìbò 341,554 ní ìpínlẹ̀ Ògùn, PDP ní 123,831. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, ìdìbò gómìnà dé. APC ní 276,298, PDP ní 262,383. Ọjọ́ 21 péré ló wà láàárín méjèèjì. Ìpínlẹ̀ kan náà, káàdì kan náà, ibùdó ìdìbò kan náà, síbẹ̀ ìbò PDP pọ̀ sí i ju ìlọ́po méjì lọ. Ìbò 13,915 ni wọ́n fi ju ara wọn lọ níkẹyìn, ẹjọ́ rẹ̀ sì lọ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tó parí ní oṣù Kìíní 2024.

Mo fẹ́ kí ẹ ro iye yẹn dáadáa. Tó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ ti di ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ènìyàn wa ni, kò yẹ kí ìbò ṣí kiri báyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó dìbò nílé wo ẹni tó mọ̀, ó wo ojú ọ̀nà àdúgbò rẹ̀, ó wo ẹni tó dun òun àti ẹni tó ṣe òun lóore, ó sì tẹ̀ka sí ibi tó wù ú. Àwọn méjì tó ṣíwájú nínú ìdìbò gómìnà yẹn ńkọ́? Dapo Abiodun ti APC, ọmọ Ìpẹ́ru. Ladi Adebutu ti PDP, ọmọ Ìpẹ́ru. Ìlú kan náà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́ ló bí àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ní òun kò lè jókòó ti ọmọ ẹgbẹ́ kejì, kó rántí pé ní Ìpẹ́ru, ilé àwọn méjèèjì kò jìnnà síra.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: àwa tí a wà lókè òkun, òfin Nàìjíríà kò tíì fún wa láyè láti dìbò láti ibi tí a wà. Ẹni tí kò bá fò padà sílé ní ọjọ́ ìdìbò kò ní ìbò kankan. Àwa tí a kò ní ìbò gan-an ni ohùn wa sì ròkè jù. Mo rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó wà ní Ṣágámù lè bú ọmọ ẹgbẹ́ kejì láàárọ̀, ṣùgbọ́n yóò pàdé rẹ̀ nídìí omi ẹ̀rọ, yóò pàdé rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ, yóò tún bá a gbé òkú. Ìlú ń fi agbára mú un láti rí ojú ẹnìkejì. Àwa níbí, fóònù nìkan ni. Fóònù kì í fi ojú ẹni tó ń sunkún hàn wá.

Ìjà yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní 1941, àyè kan ṣí sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó, ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement sì ní láti yan ẹni tí yóò dá dúró fún un. Ernest Ikoli, ọmọ Ijaw, wà níbẹ̀. Samuel Akinsanya, ọmọ Ìṣarà ní Rẹ́mọ, wà níbẹ̀. Nnamdi Azikiwe ti Akinsanya lẹ́yìn. Obafemi Awolowo, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ọmọ Rẹ́mọ bíi Akinsanya, Ikoli ló tì lẹ́yìn. Ẹ fojú inú wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa dun ará ilé. Ikoli ló wọlé, Akinsanya àti Azikiwe bá tiwọn lọ, ẹgbẹ́ náà kò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Ní ọdún kan náà ni Akinsanya gorí ìtẹ́ àwọn baba rẹ̀, ó di Ọdẹ́mọ Ìṣarà. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group ti Awolowo, dé, tí ìdààmú 1962, ìjà inú ẹgbẹ́ náà, sì ba ẹkùn ìwọ̀ oòrùn jẹ́, Ọdẹ́mọ yìí wà lára àwọn ọba tó dúró ti Awolowo gbágbágbá. Ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ ní 1941 ni ó dúró tì lẹ́yìn ogún ọdún. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ tuntun ló dé, tó tóbi ju ìbínú àtijọ́ lọ.

Ẹ tún gbọ́ ti Ìjẹ̀bú-Òde. Ní 1981, ìjọba Olóyè Olabisi Onabanjo, gómìnà Ògùn lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN, dá Ọba Sikiru Adetona dúró lórí ìtẹ́ Awùjalẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni gómìnà, ọba Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n dá dúró. Àwọn ológun gbàjọba ní ìparí 1983, Onabanjo kúrò nípò, ọba sì padà sórí ìtẹ́ lẹ́yìn náà. Lónìí, orúkọ Onabanjo ni yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè ń jẹ́. Nínú yunifásítì yẹn gan-an ni Ọba Adetona ti dá àga ọ̀jọ̀gbọ́n, ìyẹn ipò ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, sílẹ̀ fún ìmọ̀ ìṣàkóso, kí ó tó wàjà ní oṣù Keje 2025. Orúkọ àwọn méjèèjì wà nínú ọgbà kan.

Kí ló gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ró nílé wa? Ẹ wo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Ọdún tí wọ́n bí ọ ló ń gbé ọ wọnú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ, kò sẹ́ni tó ń bèèrè mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, aṣọ kan náà ni ẹ ó wọ̀, owó kan náà ni ẹ ó dá. Láti oṣù mélòó kan ṣáájú ni ẹ ó ti máa ṣèpàdé lórí aṣọ, lórí fìlà, lórí onílù. Ọmọ APC àti ọmọ PDP jọ ń jiyàn lórí àwọ̀ aṣọ, wọ́n sì ń fẹnu kò. Àwọn Òṣùgbó wa náà ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ràn gidi: Ògbóni méjì, ó di ẹ̀ta. Ẹni méjì ló jókòó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ṣe ẹnìkẹta, òun ni ẹlẹ́rìí. Ní tèmi, ìlú gbọ́dọ̀ jókòó láàárín ẹgbẹ́ méjì bẹ́ẹ̀.

Ó yá, báwo ni a ṣe ń ṣe é? Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ìdìbò 2016, àwọn kan dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Braver Angels sílẹ̀, kí ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ibẹ̀ lè jókòó bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bill Doherty, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba tọkọtaya nímọ̀ràn kí ilé wọn má baà tú, ló ṣètò bí wọ́n ṣe ń jókòó. Iye kan náà láti apá méjèèjì, èyí kò ṣeé yí padà. Tí ẹ bá mú méje láti APC, ẹ mú méje láti PDP. Tí ó bá di méje sí mẹ́rin, àwọn mẹ́rin á máa gbèjà ara wọn títí ìpàdé fi tú, ẹ ò ní gbọ́ òótọ́ kankan lẹ́nu wọn.

Lákọ̀ọ́kọ́, apá kọ̀ọ̀kan wọ yàrá tirẹ̀. Wọ́n á kọ ohun mẹ́rin tàbí márùn-ún tí àwọn ẹnìkejì máa ń sọ nípa wọn tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ ohun tó jẹ́ òótọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á dáhùn ìbéèrè kẹta tó máa ń dun ènìyàn jù: ṣé òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀sùn yìí? Wọ́n á padà wá kà á síta. Ìbéèrè kẹta yẹn ni ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò. Ìgbà tí ẹnìkejì bá gbọ́ tí ẹ fẹnu ara yín sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, àwa náà ṣe àṣìṣe níbí" ni ọkàn rẹ̀ ń rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni òbìrípo méjì. Apá kan jókòó sínú, èkejì yí wọn ká, wọn kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn ti inú ń sọ ohun tó dára nínú ọ̀nà tiwọn àti ohun tó ń kọ wọ́n lóminú nínú ẹgbẹ́ tiwọn. Lẹ́yìn náà wọ́n pààrọ̀ ààyè. Ìparí rẹ̀ ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó gbọ́ nípa bí ẹnìkejì ṣe rí ara rẹ̀.

Bí ẹ bá gbé e wá sí ìpàdé ọmọ Ìjẹ̀bú bó ṣe rí, yóò bàjẹ́, ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, ìjà àwọn ará Amẹ́ríkà dá lórí ìlànà: ìbọn, owó orí, oyún ṣíṣẹ́. Tiwa dá lórí ènìyàn àti ohun tó dé wọ́ọ̀dù. Ẹni tó jẹ́ gómìnà lábẹ́ PDP láti 2003 sí 2011, Gbenga Daniel ti Ṣágámù, lábẹ́ APC ló wọ ilé aṣòfin àgbà ní 2023. Àwọn aṣáájú ń sọdá, àwọn ọmọlẹ́yìn ló ń gbé ìbínú kalẹ̀ sílé. Nítorí náà, ẹ má bèèrè "kí ni ìlànà ẹgbẹ́ rẹ?" Ẹ bèèrè "kí ni ẹgbẹ́ rẹ ṣe ní wọ́ọ̀dù rẹ tí orí rẹ wú sí, kí sì ni wọ́n ṣe tó dùn ọ́?" Ẹnu á là.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ àgbà. Tí bàbá ẹni 75 ọdún bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ta ni yóò ta kò ó? Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kéré jù bẹ̀rẹ̀, kí ó máa lọ sókè. Kì í ṣe àfojúdi, nítorí ọ̀rọ̀ àgbà ló máa ń kẹ́yìn ìpàdé nílé wa tẹ́lẹ̀. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má baà dà bíi pé ẹ gba ipò rẹ̀.

Wákàtí mẹ́ta tó. Ẹ gba fóònù sínú agbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà, torí gbólóhùn kan tí wọ́n gé nínú ìpàdé, tó dé Ìjẹ̀bú-Igbó kí ilẹ̀ tó ṣú, ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ kan ṣiṣẹ́ gbowó, ẹ jẹ́ kí ó jókòó, ẹ má jẹ́ kí ó darí.

Ti WhatsApp, ọ̀nà kúkúrú. Ẹ ya yàrá òṣèlú sọ́tọ̀, kí yàrá ìlú wà fún òkú, ìgbéyàwó, ilé ìwé àti owó ìdá. Ìròyìn tó bá ní ọfà méjì lórí, ó ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá, láti 2020 sì ni WhatsApp kò ti jẹ́ kí a fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá gbé e wá, òun ni kó mú ẹ̀rí wá. Tí ìjà bá jẹ́ lórí iye ìbò, ẹ lọ sí IReV, ojúlé ayélujára tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, ń gbé èsì sí, ẹ wá EC8A, ìwé èsì ti ibùdó ìdìbò náà. Ẹ ro ìbò tó dára pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n kọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju iye ẹni tí wọ́n fi BVAS, ẹ̀rọ ìdá olùdìbò mọ̀, yẹ̀ wò lọ. Ẹ wo ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ fọwọ́ sí. Ìwé kan náà ni aṣojú APC àti ti PDP ń fọwọ́ sí, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń jiyàn ka ìwé yẹn kó tó pe ẹnikẹ́ni ní olè.

Ẹ wá fún wọn ní iṣẹ́ tí wọ́n á jọ ṣe. Kí ó kéré, kí ó ṣeé parí láàárín ọdún kan: òrùlé ilé ìwé, kànga ẹ̀rọ, gílóòbù ojú pópó ọjà. Iṣẹ́ ńlá máa ń dúró, ìjà á sì gba ààyè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni mẹ́ta ni orúkọ wọn wà lórí àkáǹtì: ọ̀kan láti APC, ọ̀kan láti PDP, ọ̀kan tí kò ṣe ẹgbẹ́ kankan. Ọwọ́ méjì gbọ́dọ̀ wà lórí owó kí ó tó jáde. Olóṣèlú tó bá fẹ́ dá owó sí i, ẹ gbà á, ẹ kà á síta nínú ìpàdé, kò ní fi àmì ẹgbẹ́ lé e lórí, kò sì ní sọ̀rọ̀ ìpolongo níbẹ̀. Tí ìdìbò bá ku oṣù mẹ́fà, ẹ dá owó rẹ̀ padà pẹ̀lú ìwé ọpẹ́.

Lórí pákó tí ẹ ó kàn mọ́ ẹnu kànga yẹn, ẹ kọ orúkọ ìlú àti ọdún. Ẹ má kọ orúkọ ènìyàn kankan sí i.